Ọkọ́ Kì í Ṣe Ohun Ìyà: Irinṣẹ́ Ọwọ́ Nínú Ìtàn Ilé-Ìwé Wa

Ọ̀nà kan ni ọkọ́ àti àdá ń gbà wọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé-ìwé wa. Ọmọ tí ó pẹ́ dé, ọmọ tí ó pariwo nínú kíláàsì, ọmọ tí kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, a ó ní kí ó mú àdá wá lọ́la, a ó sì wọn ibi tí yóò gé koríko rẹ̀ fún un. Nígbà tí ó bá ṣe é tán, yóò ju àdá sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, yóò fọ ọwọ́ rẹ̀, yóò wọlé lọ jókòó ti ìwé. Kò sí olùkọ́ tí ó fi ẹnu sọ ọ́, ṣùgbọ́n ọmọ ti gbọ́ ọ pé ìwé ni èrè, àdá ni ìyà. Ní Òkè-Ògùn ni èyí ń ṣẹlẹ̀, láàárín àwọn ènìyàn tí ó jẹ́ pé ọkọ́ ni wọ́n fi wá owó tí wọ́n fi ra ìwé fún ọmọ náà.

Adó-Àwáyè ni a ní lọ́kàn bí a ti ń kọ èyí, ìlú tí ó wà lẹ́sẹ̀ òkè ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìsẹ́yìn, tí àwọn àlejò ń wá láti gun òkè lọ wo adágún Ìyákẹ̀. Àlejò a máa wo òkè. A fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa wo ìsàlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ wo oko iṣu, ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti ẹ̀gúsí, kí ẹ sì wo ohun tí ó wà lọ́wọ́ àwọn tí ń ro ó. Katakata kò lè ráyè láàárín òkúta ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀. Ọkọ́ ni. Ìbéèrè wa ni pé, báwo ni irinṣẹ́ tí ó bọ́ ìlú ṣe wá di àjèjì nínú ilé-ìwé ìlú kan náà? Kí sì ni ó dé tí ó fi jẹ́ pé, ní gbogbo ìgbà tí ìjọba bá mú irinṣẹ́ padà wọ kíláàsì, orúkọ rẹ̀ ni ọmọ ń kọ́ sórí, tí a kì í jẹ́ kí ó béèrè ìdí tí ó fi rí bí ó ti rí?

Kí òyìnbó tó dé, irin kì í ṣe ohun tí à ń wo ojú òkun fún. Samuel Johnson, pásítọ̀ ìjọ Áńgílíkà ní Ọ̀yọ́, tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897 ṣùgbọ́n tí a kò tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1921, jẹ́rìí sí i pé láti orí ohun ìjà títí dé orí abẹ́rẹ́, ilé ni a ti ń rọ gbogbo rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó fi kún un pé ọjà òyìnbó tí owó rẹ̀ kò pọ̀, tí ó sì ń dán, ti ń lé ti ilé jáde, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè pẹ́ lọ́wọ́ tó ti ilé. Ní 1904, C. V. Bellamy, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń ṣe títì àti afárá ní Èkó, tẹ àròkọ kan jáde nínú ìwé ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ irin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nípa ibi tí wọ́n ti ń yọ́ irin ní abúlé kan lẹ́bàá Ọ̀yọ́. Ó ṣe àlàyé bí wọ́n ṣe ń wa òkúta irin, bí wọ́n ṣe ń gún un tí wọ́n ń fọ̀ ọ́, àti bí wọ́n ṣe mọ iléeru amọ̀ tí wọ́n ń yọ́ ọ nínú rẹ̀. Onímọ̀ irin kan, F. W. Harbord, gba òkúta náà àti irin tí ó ti inú rẹ̀ jáde, ó sì yẹ̀ wọ́n wò. Ẹ kíyè sí i: òyìnbó rí ohun tí ó yẹ kí a ṣe ìwádìí lé lórí nínú iṣẹ́ àwọn baba wa, ó sì kó o lọ sí iyàrá àyẹ̀wò. Nínú ilé-ìwé tí òyìnbó kan náà ń dá sílẹ̀ nílẹ̀ wa nígbà náà, kò sí ọmọ tí a ní kí ó ṣe bẹ́ẹ̀.

A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé à ń sọ pé pípé ni ilé agbẹ̀dẹ. Ọmọ iṣẹ́ a fẹ́ ẹwìrì fún ọdún púpọ̀, ojú ni ó fi ń kọ́ ọ. Bí ó bá béèrè pé kí ló dé tí a fi ń ṣe é báyìí, ìdáhùn tí yóò gbọ́ ni pé báyìí ni ọ̀gá ọ̀gá mi ṣe ń ṣe é. Ìmọ̀ tí a kò kọ sílẹ̀ a máa bá ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lọ sí sàréè. Ṣùgbọ́n ohun kan wà ní ilé agbẹ̀dẹ tí kò sí ní kíláàsì. Àgbẹ̀ a mú ọkọ́ padà wá, a ní ó wúwo lórí jù, a ní ó ń yọ níbi igi, a ní ilẹ̀ oko òun tuntun le ju ti àtijọ́ lọ. Agbẹ̀dẹ a gbọ́, a wò ó, a tún un rọ. Àròyé ẹni tí ń lò ó ni ó ń yí irinṣẹ́ padà.

(Àwọn kan nínú àwa Mùsùlùmí ń fà sẹ́yìn fún agbẹ̀dẹ nítorí pé wọ́n rò pé ti Ògún ni irin. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rántí pé súrà kan wà nínú Àlùkùránì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ irin, Al-Hadeed, àti pé Ànábì Dáúdà ni Ọlọ́run rọ irin fún tí ó fi ń ṣe ẹ̀wù ogun.)

Ilé-kéwú náà ní tirẹ̀. Ọmọ kéwú àtijọ́ kò ra kálàmù, ó gé e ni. A wá èèsún tàbí pòròpórò ọkà, a fi ọ̀bẹ gé ẹnu rẹ̀ kí ó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, a tì í bọ tàdáà, a dán an wò lórí wàláà. Bí ẹnu rẹ̀ bá fẹ̀ jù, àwọn háráfí a pọ̀ mọ́ ara wọn. Bí ó bá tín-ín-rín jù, tàdáà kò ní ṣàn. Ọmọ a tún un gé, a tún un dán wò. Ọmọ ọdún méje tàbí mẹ́jọ ni à ń sọ yìí. A kò mọ orúkọ tí ó yẹ kí á fún un nígbà náà, àfàá kò sì pè é ní ẹ̀kọ́ lọ́tọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ náà ti ṣe irinṣẹ́, ó ti rí àbùkù rẹ̀, ó sì ti tún un ṣe.

Àwọn míṣọ́nnárì dé Badagry ní 1842. Kì í ṣe pé wọn kò ronú kan iṣẹ́ ọwọ́ rárá. Ní Abẹ́òkúta wọ́n kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ ìtẹ̀wé, òun ni a sì fi tẹ Ìwé Ìròyìn ní 1859. Lẹ́yìn tí R. B. Blaize, oníṣòwò ńlá nì, kú ní 1904, owó tí ó fi sílẹ̀ ni a fi dá ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta náà. Ṣùgbọ́n akọ̀wé ni ìjọba àti àwọn oníṣòwò òyìnbó ń wá, akọ̀wé ni wọ́n sì ń san owó gidi fún. Òbí kì í ṣe òmùgọ̀.

Èyí ni ó fà á tí ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ Phelps-Stokes kò fi wọ̀ wọ́n létí. Ìgbìmọ̀ náà, tí James Aggrey ọmọ Gold Coast jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ti Amẹ́ríkà wá, ó rìn ká Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 1920 sí 1921, ìwé àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 1922. Wọ́n ní ẹ̀kọ́ tí à ń kọ́ ọmọ kò bá ìgbé-ayé rẹ̀ mu, pé kí a fi iṣẹ́ àgbẹ̀ àti iṣẹ́ ọwọ́ kún un. Ní 1925 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé ìlànà jáde tí ó sọ ohun tí ó jọ bẹ́ẹ̀. Ó dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ tí ìgbìmọ̀ náà gbójú lé ni àwọn ilé-ìwé tí a dá sílẹ̀ fún àwọn ènìyàn dúdú ní gúúsù Amẹ́ríkà, ní Hampton àti Tuskegee, àwọn òbí tí ó sì mọ̀wé nílẹ̀ wa fura pé ẹ̀kọ́ ẹrú ni wọ́n fẹ́ gbé kalẹ̀ fún ọmọ àwọn, kí òyìnbó lè máa jẹ́ ọ̀gá lọ. A kò dá wọn lẹ́bi. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, ohun tí wọ́n ń pè ní iṣẹ́ àgbẹ̀ kò ju kí ọmọ máa ro oko olùkọ́ lọ. Níbẹ̀ ni ọkọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí di ohun ìyà.

Díẹ̀ wà nínú àwọn òyìnbó ìjọba fúnra wọn tí ó ríran jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kenneth Murray dé ní 1927, ó ń kọ́ àwọn ọmọ láti fi ohun tí wọ́n rí nílé wọn ṣe iṣẹ́ ọnà. E. H. Duckworth, olùbẹ̀wò ilé-ìwé, ni olóòtú The Nigerian Teacher, ìwé àwọn olùkọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1933 tí ó sì padà di Nigeria Magazine. Ó ń rọ àwọn olùkọ́ pé kí wọ́n má dúró de àpótí láti òkè òkun, kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe ohun èlò. J. D. Clarke sì kọ ìwé kan ní 1937 nípa ilé-ìwé Òmù ní agbègbè Ìlọrin, níbi tí ó ti gbìyànjú láti gbé ẹ̀kọ́ ka orí ìṣe àti iṣẹ́ àwọn ará ibẹ̀. A bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ wọn. Síbẹ̀, lójú tiwa, púpọ̀ nínú àwọn wọ̀nyí fẹ́ràn iṣẹ́ ọwọ́ wa nítorí ẹwà rẹ̀ àti kí ó má baà parun. Kí ọmọ wo ọkọ́ baba rẹ̀ kí ó ní òun lè ṣe èyí tí ó sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn kò tíì sí nínú ètò.

Ní January 1955 ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Iye ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ó jẹ́ nǹkan bí 457,000 ní 1954 fò lọ sí ohun tí ó lé ní 800,000. Ohun rere ńlá ni, ọ̀pọ̀ nínú wa kì bá tí mọ̀wé láìsí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí olùkọ́ kò tó, pátákó àti ẹfun ni ó ń ṣẹ́kù. Àwọn ilé-ìwé Mùsùlùmí náà, láti ìgbà tí a ti dá Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní 1923, kò ya ara wọn sọ́tọ̀ níbi èyí: ìwé ìlànà kan náà ni wọ́n ń tẹ̀lé, ìdánwò kan náà ni ọmọ wọn ń lọ jókòó sí.

Ibi tí ìtàn yìí ti dùn mọ́ wa jù lọ ni Modákẹ́kẹ́, ní January 1970. Ọ̀jọ̀gbọ́n Aliu Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀, pẹ̀lú owó ìrànwọ́ Ford Foundation, bẹ̀rẹ̀ sí fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "A" fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà: ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ, gbogbo rẹ̀ pátá. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀ tí olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n dáadáa ń kọ́ wọn. Wọ́n ní kíláàsì mìíràn tí wọ́n fi ń wé e, èyí tí ó ń lo Yorùbá ní ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ tí ó sì yí sí Gẹ̀ẹ́sì ní mẹ́ta tí ó kù. Nígbà tí wọ́n dán gbogbo wọn wò, àwọn tí ó fi Yorùbá kọ́ ohun gbogbo ni ó ṣe dáadáa jù, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ohun tí èyí ní í ṣe pẹ̀lú ọkọ́ ni pé ìbéèrè nípa irinṣẹ́ kò lè jáde lẹ́nu ọmọ ní èdè tí ó ṣì ń wá ọ̀rọ̀ rẹ̀ kiri. Ọmọ Adó-Àwáyè mọ ẹwìrì, ó mọ owú, ó mọ ẹ̀mú. Bí a bá ní kí ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ohun tí ó rí ní ilé agbẹ̀dẹ, yóò dákẹ́, olùkọ́ yóò sì rò pé kò mọ nǹkan kan.

Fafunwa di Mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní 1990, ó sì wà níbẹ̀ di 1992. Ṣùgbọ́n kí ó tó débẹ̀, ètò mìíràn ti wọlé. Láti inú àpérò Èkó ti 1969 ni ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè ti 1977 ti jáde. Wọ́n tún un ṣe ní 1981, ní 1982 sì ni 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀. Ohun tuntun tí ó wà nínú rẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé girama kékeré ni Introductory Technology, tí gbogbo wa ń pè ní Intro Tech. Gbogbo ọmọ, ọkùnrin àti obìnrin, ni yóò fi ọwọ́ kan igi àti irin. Ìjọba àpapọ̀ ra ẹ̀rọ láti òkè òkun, wọ́n kó o fún àwọn ilé-ìwé nínú àpótí ńlá ńlá. Ilé tí a ó gbé e sí kò sí ní ibi púpọ̀. Iná mànàmáná kò sí. Olùkọ́ tí ó lè tì í tan kò sí. Bí àpótí náà ṣe wà nìyẹn, títí òjò fi rọ̀ sórí rẹ̀, títí ìpẹtà fi jẹ irin inú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ka ilé-ìwé láàárín ọdún wọ̀nyẹn yóò rántí wọn.

Kí ni àwọn ọmọ wá ń kọ́? Wọ́n ń ya àwòrán òòlù, ayùn àti ifági sínú ìwé, wọ́n ń kọ orúkọ rẹ̀ sí i, wọ́n ń kọ ìlò rẹ̀ mẹ́ta sábẹ́ rẹ̀. Ọmọ gba máàkì ní kíkún lórí ifági tí kò rí rí. Nígbà tí wọ́n sì ń ṣe èyí, agbẹ̀dẹ ń lu irin ní òdìkejì títì, ariwo rẹ̀ sì ń wọ kíláàsì.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ àwa aláwọ̀ dúdú nìkan ni èyí. Ní Finland, Uno Cygnaeus ló jẹ́ kí wọ́n fi iṣẹ́ ọwọ́ sínú òfin ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1866. Ní Sweden, Otto Salomon ń kọ́ àwọn olùkọ́ ní Nääs láti 1875, igi àáké sì wà lára ohun tí àwọn ọmọ ń gbẹ́. Àwọn náà bẹ̀rẹ̀ láti orí kí ọmọ ṣe ohun tí ó jọ àpẹẹrẹ gẹ́lẹ́. Ó pẹ́ kí àwọn orílẹ̀-èdè tó dé orí kí ọmọ fúnra rẹ̀ gbìmọ̀ ohun tí yóò ṣe: ní England, 1990 ni ó wọ ìlànà tí gbogbo ilé-ìwé ìjọba gbọ́dọ̀ tẹ̀lé, pé kí ọmọ wá ohun tí ènìyàn ń fẹ́, kí ó ya á, kí ó ṣe é, kí ó sì dán an wò. Nítorí náà kò sí ẹni tí ó fi bẹ́ẹ̀ ṣíwájú wa púpọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo bí ó ṣe lè rí. Ká ní olùkọ́ kan ní Adó-Àwáyè kó ọkọ́ mẹ́ta sílẹ̀ níwájú àwọn ọmọ: ọkọ́ ńlá tí a fi ń kọ ebè, ọkọ́ kékeré tí a fi ń ro oko, àti ògbólógbòó kan tí ilẹ̀ ti jẹ ẹnu rẹ̀ dé ìdajì. Kí ó má tíì sọ ohunkóhun. Kí wọ́n wọn gígùn igi, kí wọ́n wọn ìbú ẹnu, kí wọ́n gbé e sórí òṣùwọ̀n, kí wọ́n fi ohun ìwọn-igun inú mathset wo bí igi àti irin ṣe pàdé. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ìbéèrè bẹ̀rẹ̀. Kí ló dé tí èyí fi fẹ̀ ju ìyẹn lọ? Kí ló dé tí igi ọkọ́ wa fi kúrú tí ó fi jẹ́ pé ńṣe ni ènìyàn ń tẹ̀, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀yìn àgbẹ̀ bí ó bá gùn, kí ni yóò sì ṣẹlẹ̀ sí ebè? Kí ló dé tí ògbólógbòó yìí fi jẹ ní igun kan ju èkejì lọ? (Ọmọ kan yóò rí i pé ọwọ́ tí ẹni náà ń lò ni.) Kí ló dé tí àgbẹ̀ fi ń wá ibi tí ẹ̀ka ti yà lára igi kí ó tó gé igi ọkọ́, tí kì í gbẹ́ ẹ láti ara pákó? Ẹ fún wọn ní pákó kan tí a gbẹ́ kí ó rí kọ́lọkọ̀lọ, kí wọ́n fi lu ilẹ̀. Yóò là. Iṣan igi tí ó tẹ̀lé ìyà ẹ̀ka ni kì í jẹ́ kí tòótọ́ là. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń sanwó kọ́ èyí ní yunifásítì.

Kí wọ́n wá lọ sọ́dọ̀ agbẹ̀dẹ pẹ̀lú ìbéèrè tí wọ́n ti kọ sílẹ̀, kì í ṣe láti lọ wòran. Kí wọ́n bi í pé kí ló dé tí ó fi fẹ́ràn irin abẹ́ ọkọ̀ àlòkù fún àdá, kí ó sì fi hàn wọ́n bí irin tí ó gbóná tí a rì bọ omi ṣe ń le, bí ó ṣe le jù tí yóò kán, bí kò ṣe le tó tí yóò tẹ̀. Kí wọ́n jìnnà sí iná, ọ̀rọ̀ ewu kì í ṣe ti eré. Kí agbẹ̀dẹ náà sì mọ̀ pé olùkọ́ ni òun lọ́jọ́ náà, kí a fún un ní àga.

Lẹ́yìn èyí ni ọmọ tó lè gbìmọ̀ tirẹ̀. Àpẹẹrẹ tí a fẹ́ràn jù ni páànù tí a fi ìṣó lu ní ihò tí a kàn mọ́ pákó, èyí tí àwọn ìyá wa fi ń rin ẹ̀gẹ́ fún gààrí níbi tí ẹ̀rọ kò bá sí. Ẹni tí ó kọ́kọ́ lu ihò sí páànù, a kò mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n onímọ̀ ni. Ó sì ní àbùkù: bí ẹ̀gẹ́ bá ti ń kéré lọ́wọ́, ìka ni yóò kàn. Ẹ ní kí ọmọ béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ibi tí ó máa ń ti gé e lọ́wọ́. Kí ó ronú ohun tí yóò di ẹ̀gẹ́ kékeré mú dípò ìka, kí ó yà á, kí ó fi páálí ṣe é lákọ̀ọ́kọ́, kí ó fi igi ṣe é, kí ó gbé e fún ìyá rẹ̀. Bí ìyá bá ní ó ń dí òun lọ́wọ́, iṣẹ́ kò tíì parí nìyẹn, ọmọ yóò tún un ṣe bí ọmọ kéwú ṣe ń tún kálàmù gé. Nínú kíláàsì kan náà, ọmọ tí ó ní ìbátan ní Ìsẹ́yìn lè mú ọ̀kọ̀ àwọn aláṣọ òkè wá, kí wọ́n wo bí ó ṣe ń yọ̀ láàárín òwú tí kì í fà á já.

Orúkọ ẹ̀kọ́ náà ti yí padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ní 2007, nígbà tí ìlànà ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́sàn-án jáde, Intro Tech di Basic Technology. Ní 2014 a sì pa á pọ̀ mọ́ sáyẹ́ǹsì àti àwọn ẹ̀kọ́ mìíràn. Ní November 2022 ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́, ohun tí Fafunwa, tí ó kú ní 2010, ti fi iṣẹ́ hàn ní Modákẹ́kẹ́. Ní November 2025 ìjọba kan náà kéde pé òun ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni. Ó dùn wá.

Àwọn olùkọ́ tí a bá sọ ọ̀rọ̀ yìí máa ń sọ pé ìdánwò kò béèrè rẹ̀. Òótọ́ ni, ìdánwò òde ṣì ń béèrè orúkọ àti ìlò mẹ́ta. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí 6-3-3-4 ti dé ni a ti ń ka máàkì tí olùkọ́ fúnra rẹ̀ fún ọmọ nínú ọdún mọ́ ti ìdánwò ìparí. Máàkì wọ̀nyẹn wà lọ́wọ́ olùkọ́. Kò nílò kí ẹnikẹ́ni ti Abuja wá fún un láṣẹ kí ó tó fi mẹ́wàá nínú rẹ̀ fún ọkọ́.